N Kò Ní Fọ Ojú Rẹ̀ Di Funfun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé Ìyá Fọ́tò ti di arúgbó tó kàn ń yá oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ fi ìyẹn mumi.

Mátírọ́ọ̀nù ọsibítù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ní òun fẹ́ àwòrán àwọn agbẹ̀bí méjìlá tó ti fẹ̀yìn tì. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí tuntun ni wọ́n máa gbé wọn kọ́. Àwòrán ńlá, tí ojú èèyàn á tóbi ju atẹ lọ. Ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé náà. Mo ní mo ti gbọ́. Mò ń nu férémù lọ bí ẹni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé sí mi lójoojúmọ́.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì yà wọlé. Mo sọ fún un. Dípò kó bá mi yọ̀, ó fọwọ́ lérán.

"Màámi, ta ló máa bá yín ṣe é lórí kọ̀ǹpútà?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe máòsì ní èkúté?"

"Èkúté ni. Ó lórí, ó nírù. Kí ni kí n máa pè é, ewúrẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí màá ṣe ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó tiẹ̀ ti bá ọkùnrin kan tó ń ta fóònù sọ̀rọ̀ pé kó wá gba ibẹ̀, kí n wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun. Sinmi. Bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe mí. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Tí àwòrán méjèèjìlá bá wà lára ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣílé, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ èmi nìkan ló ṣe wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò gbọdọ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí sí mi létí mọ́. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, màá kó ẹrù mi tẹ̀ lé e.

"Màámi, ṣé ẹ dá a lójú?"

Mo na ọwọ́ sí i. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ti parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹnjiníà wá. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Kò lọ sílé ìwé ẹnjiníà kankan, ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn tí mo bá pè é.

Ó yẹ kámẹ́rà tuntun mi wò, ó ní, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ yà á ní sísè o. Tútù ni kẹ́ ẹ yà á. Àwòrán tútù ló dáa fún irú iṣẹ́ yìí."

"Tó bá tutù ńkọ́? Ṣé kí n sá a sóòrùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Ó wá ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ sísè, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló máa yan àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀, á sì da ìyókù nù. Tó bá jẹ́ tútù, gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ gbé wá ló máa wà níbẹ̀, ìwọ ni wàá sè é bó ṣe wù ẹ́.

Mo wò ó. Mo ní fíìmù nìyẹn. Fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀. Mo ti ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn nígbà tí ìyá ẹ ṣì ń wọ́ ilẹ̀.

"Ó dáa náà, Màmá. Ó kù kẹ́ ẹ mọ ìkòkò tẹ́ ẹ máa fi sè é."

Ìkòkò mẹ́ta ló kó sínú kọ̀ǹpútà mi. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ, torí orúkọ tí àwọn tó ṣe wọ́n fún wọn kò lè yí ahọ́n mi. Àkọ́kọ́ ni Olóṣooṣù, torí oṣooṣù lèèyàn ń san owó rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní ọ̀fẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìkejì ni Ọmọ Kámẹ́rà. Inú páálí kámẹ́rà ló ti bá a wá, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lé e. Ìkẹta, àwọn kan tí n kò mọ̀ rí jókòó síbì kan, wọ́n ṣe é, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pe ìyẹn ní Ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgbowó, ó yẹ kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ya méje nínú wọn lónìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ẹ̀rín wọn ṣì wà létí mi. Àwọn agbẹ̀bí ò ní ìtìjú kankan lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Olóṣooṣù ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Èèyàn gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, kódà nípa ẹni tí kò fẹ́ràn. Ó mọ iṣẹ́. Mo ṣe ìmọ́lẹ̀ sára àwòrán kan, mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́fà yòókù, kí n tó mu ife omi kan, ó ti parí. Nígbà tí mò ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ohun tó kọ síbẹ̀ náà rọrùn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi.

Lẹ́yìn náà ni mo rí bọ́tìnnì kan tó ní òun á ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra òun. Mo tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo wọn ló di funfun. Kì í ṣe funfun gidi, eérú ni. Obìnrin tó dúdú tó ń dán, tó wọlé wá pẹ̀lú ojú tó ń kọ mànà, ó wá dà bí ẹni tí wọ́n fi ìyẹ̀fun lù. Bọ́tìnnì yẹn ò rí dúdú bí àwọ̀. Ó rò pé iná ló kú. Gbogbo ibi tó bá ti rí èèyàn dúdú, ó ń sáré lọ tanná.

Mo dá a padà. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn lára àwòrán tútù. Ohun yòówù kí wọ́n fi í ṣe, ó ṣì wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà. Fíìmù ò lè ṣe ìyẹn. Ká ní mo ba fíìmù jẹ́ nínú omi, ó di ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò látàárọ̀. Bébà ìtẹ̀wé ti tún gbówó lórí. Mo ṣépè fún ẹni tó yẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mátírọ́ọ̀nù pè mí lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ̀bí wa ní àwòrán òun tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ ti jẹ́ kóun dúdú jù. Ó ní pupa lòun. Kẹ́ ẹ jẹ́ kóun pupa díẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, mo rántí obìnrin náà, ó pupa fẹ́ẹ́. Mo ní kò sí wàhálà. Mo kígbe sí Ẹnjiníà láti ojú fèrèsé pé èwo ló ń mú nǹkan pupa. Òun náà kígbe padà pé kí n fa ọ̀pá àwọ̀ kejì láti òkè lójú kọ̀ǹpútà sí apá ọ̀tún. Mo fà á. Mo tún fà á sí i, torí mi ò rí i pé ó ń mọ́lẹ̀.

Obìnrin náà pọ́n bí ata. Mi ò parọ́. Ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, eyín rẹ̀ pàápàá. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná tó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bọ̀ ọ́.

Ẹnjiníà dé, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní pupa!"

"Ìwọ náà, tí wọ́n bá ní èèyàn pupa, ṣé èèyàn tó pọ́n lo máa ń rí?"

A jókòó tì í, a rò ó. Lẹ́nu tiwa, èèyàn pupa kò pọ́n rárá, ó kàn mọ́lẹ̀ ju èmi lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí, tó o bá tọrọ pupa lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló máa fún ẹ. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kí n fà, díẹ̀ péré, kí n sì wá fi àwọ̀ ìyeyè lé e lábẹ́. Mo ṣe é. Obìnrin náà padà di ara rẹ̀.

Mo ní kí Ẹnjiníà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó ń ránṣọ ní iwájú òpópónà bi mí pé ata yẹn ńkọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Inú ń bí mi. Mo kó àwọn àwòrán sínú àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, bí mo ṣe máa ń kó fíìmù sínú àpòòwé. Mo ṣí Olóṣooṣù. Ó ní òun ò rí ìkankan. Àmì ìbéèrè ló fi sórí gbogbo wọn, bí olópàá.

Ẹnjiníà ní kò sọnù. Ó ní inú Olóṣooṣù fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n ti kó wọn, kó lè mọ ibi tí wọ́n lọ.

"Ẹnjiníà, ta ló ni ilé?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Mo wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àlejò kí n tó gbé àga kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn?"

Ẹnjiníà tọ́ka ibi tí gbogbo wọn wà fún Olóṣooṣù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba gbogbo ọ̀sán. Ó ní ètò tó bá ń tọ́jú nǹkan ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbọ́dọ̀ ní ìwé àkójọ, pé àwọn tó níṣẹ́ púpọ̀ máa ń gbádùn ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi, ojú méjìlá ni mo ní láti tọ́jú, mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó ku ẹnì kan péré tí mi ò tíì yà: èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí. Mo lọ bá a nílé. Ó dúdú. Irú dúdú tó jẹ́ pé tó o bá wò ó dáadáa, wàá rí àwọ̀ aró lábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ọwọ́ ńlá.

Ó bi mí, "Ìwọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Kí ni kí n máa ṣe, Màmá?"

"Wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ìta, ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo mọ̀ pé mo ti rí i. Ìyókù tí mo yà lẹ́yìn rẹ̀, ojú tí wọ́n ń ṣe fún kámẹ́rà ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Fíláàṣì ò tàn nígbà tí mo tẹ ìyẹn. Àwòrán náà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Fèrèsé nìkan lèèyàn ń rí.

Mo pe ilé wọn pé mo fẹ́ padà wá. Ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀ lówùúrọ̀ yìí, egungun ìbàdí ti ṣẹ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó máa gbé kámẹ́rà lọ síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyókù tí mo yà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Fíláàṣì tàn sí wọn, ó sì gbá a lójú débi pé ó di ojú lásán.

Àfi ìyẹn. Ìyẹn tó dúdú yẹn ni mo máa lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo gbé àwọn mọ́kànlá sínú Ọmọ Kámẹ́rà, kí n wo tiẹ̀ náà. Ó lọ́ra. Tó o bá ní kó yí díẹ̀ padà, á kọ́kọ́ ronú, á yí òrùka kan kiri, kó tó gbà. Àwòrán tí mo fi kámẹ́rà mi àtijọ́ yà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń tọ́.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara! Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ti sún mọ́ bí mo ṣe rí wọn lójú. Ẹni tó pupa, ó pupa bó ṣe pupa. Ẹni tó dúdú, ó dúdú bó ṣe dúdú. Mo parí mẹ́rin kí oòrùn tó wọ̀. Màá mú sùúrù fún un. Ẹni tó lọ́ra tí kò parọ́, mo lè bá a gbé.

Mo wá gbé Ìyá Agbẹ̀bí síbẹ̀. Ó gbìyànjú. Nígbà tí mo gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé náà jó di funfun báláú, torí odindi àwòrán ló máa ń gbé sókè lẹ́ẹ̀kan. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó apá kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìtọ́wò ọ̀fẹ́ Olóṣooṣù ti parí. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe síbẹ̀ ló gbé síwájú mi, ó ní mo lè máa wò, n kò lè fọwọ́ kàn. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ ẹni hàn ẹni lójú fèrèsé.

Ọmọ mi ní òun á san án. "Màámi, òun ló ń yọ àwọn ẹ̀rún bí iyanrìn kúrò nínú àwòrán tó ṣókùnkùn jù lọ. Mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi agídí pa ara yín."

"Tí mo bá sanwó lónìí, ọjọ́ tí mi ò bá san ńkọ́?"

"Á tì."

"Yàrá òkùnkùn mi ò ti ara rẹ̀ mọ́ mi rí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó yọ àpótí kékeré kan láti inú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó kéré tán, kí n jẹ́ kóun ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí n sì máa ṣe é fúnra mi lójoojúmọ́. Mo jẹ́ kó kọ́ mi. Mo sọ fún un pé àṣejù ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀fẹ́ ló kù. Ó ní bọ́tìnnì bí irun orí. Ohun kan náà ní orúkọ mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta sì tún ń jẹ́ orúkọ kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́ kò mọ kámẹ́rà mi, àfìgbà tí Ẹnjiníà lọ gbé èyí tó tuntun wá. Ojú tó sì kọ́kọ́ fi hàn mí ṣú bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹ̀, ìwọ ni.

Kọ̀ǹpútà gbóná, ó ń mí bí ajá, ó sì kú. Kò jí mọ́. Ẹnjiníà gbé e lọ, ó ṣí i, ó ní ibi tí nǹkan ń gbé nínú rẹ̀ ti jóná.

Àpótí kékeré yẹn, tí mo ń kó ẹ̀dà sí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ló gbà mí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan ìwé péńpé tí Ọ̀fẹ́ máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan nípa ohun tí mo ṣe sí i. A gbé e sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí Ẹnjiníà yá mi, iṣẹ́ náà ṣí níbi tí mo bá a dé, kò bi mí pé ta ni mí. Ìyẹn wù mí.

Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi pé ó ṣe mí lóore. Màá sọ ọ́ nígbà tó bá yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Látàárọ̀ ni mo ti wà nídìí rẹ̀. Nínú Ọ̀fẹ́, èèyàn lè fi ọwọ́ ya ibi kan sọ́tọ̀, kó sì ṣe ìmọ́lẹ̀ sí ibẹ̀ nìkan. Láyé fíìmù, ọwọ́ mi ni mo máa ń fi dí ìmọ́lẹ̀ lórí bébà, màá máa mì í díẹ̀díẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa hàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èkúté. Mo fi fèrèsé sílẹ̀. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbé ọwọ́ díẹ̀. Mo fi ọrùn sílẹ̀ nínú òkùnkùn tirẹ̀.

Ó ń yọ bọ̀. Ojú, ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó tẹ̀ sí iwájú orí rẹ̀ bí ìka. Àwọ̀ aró náà wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀! Ó ti wà nínú òkùnkùn yẹn látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi í ni.

Iyanrìn wà lára rẹ̀. Olóṣooṣù ì bá gbá gbogbo rẹ̀ kúrò, mo mọ̀. Ì bá sì gbá awọ ara lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí ojú kù bí àwo. Mo mú un kúrò díẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀. Fíìmù náà máa ń ní i.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: Ọmọ Kámẹ́rà fún àwọn mọ́kànlá, Ọ̀fẹ́ fún un. Tí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ ìgbéyàwó ọgọ́rùn-ún tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́la, tó sì lówó lọ́wọ́, kó lọ bá Olóṣooṣù, mi ò ní dá a lẹ́kun. Èmi ò ní kánjú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mátírọ́ọ̀nù wá wo àwọn àwòrán tí mo ti tẹ̀ jáde. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pariwo orúkọ wọn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó dé ìdí Ìyá Agbẹ̀bí, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Màmá, eléyìí ṣókùnkùn."

"Kò ṣókùnkùn. Ó dúdú."

"Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Àwọn aboyún ló máa rí i, mi ò fẹ́ kẹ́rù bà wọ́n. Kó dán bíi tàwọn tó kù."

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Màmá, mi ò lè gbé e kọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fẹ́ràn ìyá náà, mo rí i, ìyá náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní rárá. Ó kó mọ́kànlá lọ, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ sórí tábìlì mi.

Mo mọ ohun tí ọ̀kan tó yẹ̀ túmọ̀ sí. Èmi ni mo la àdéhùn náà kalẹ̀. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ yẹn wà níbẹ̀, tí mo bá fà á bí èékánná ìka kan, ṣọ́ọ̀bù yìí jẹ́ tèmi títí tí màá fi kú. Mo jókòó, mo wò ó. Mo pa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ kó mi lọ, kó máa bọ̀. N kò ní fọ ojú rẹ̀ di funfun nítorí ṣọ́ọ̀bù oní-páànù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ọmọ mi wá lákòókò iṣẹ́, pẹ̀lú báàjì báńkì lọ́rùn. Mátírọ́ọ̀nù ti pè é. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì. Ìyá Agbẹ̀bí ni. Ó mọ́ lójú, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán, kò ní ìlà kan. Inú ẹ̀dà tí òun náà fi sọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́ mi ló ti mú un, ó ti sanwó fún Olóṣooṣù, ó ti tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ kàn gbé e fún wọn, Màámi. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Àdéhùn wa ni pé ọwọ́ mi nìkan ló máa ṣe é."

"Mo mọ ohun tá a jọ sọ!" Ó pariwo. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù."

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo tèmi, ó wò ó pẹ́. Mo ní, "Ìyá náà ṣì wà láàyè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ káàkiri, kò sẹ́ni tó bi í."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

A lọ sí wọ́ọ̀dù, èmi, ọmọ mi, àti Mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n ti to ìbàdí náà, wọ́n gbé ìyá lé ìrọ̀rí. Mo gbé bébà méjèèjì síwájú rẹ̀, mi ò sọ èyí tó jẹ́ tèmi.

Ó kọ́kọ́ mú èyí tó ń dán. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ta nìyí?"

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Màmá, ẹ̀yin ni o."

"Ó jọ mí." Ó tún wò ó. "Ṣùgbọ́n eléyìí ò gbẹ̀bí rí."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mú èkejì. Ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbé wà lórí orúnkún nínú àwòrán náà, bí ẹni tó ń yẹ ara aláìsàn wò.

"Èmi rèé," ó ní. "Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Ó máa ń rẹ ẹ̀yin náà, ẹ kì í kàn fẹ́ kó hàn ni." Ó yíjú sí Mátírọ́ọ̀nù. "Aboyún wo lẹ̀rù mi bà rí? Ìwọ lo máa ń sá."

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ ìyá, ó dì í mọ́ àyà. Kò wò mí. Mi ò ní kó wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Méjìlá. Mo ti ẹ̀gbẹ́ kan rìn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo kà wọ́n, mo tún padà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn tó wá sọ̀rọ̀, oòrùn mú. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tó bí dúró níwájú Ìyá Agbẹ̀bí, ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn, ó ń mí. Kò kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Mo wá ibi tí mo máa jókòó sí, mo sì bá ọmọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kọjú sí ògiri, ó gbé fóònù sétí.

"Rárá, sà. Ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sí nílẹ̀ mọ́." Ó gbọ́ ohun tí ẹni yẹn ń sọ. "Rárá, kò sẹ́lòmíì tó gbà á. Màámi ló ń lò ó. Fọ́tò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

Ó yíjú padà, ó rí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní àpótí kékeré yẹn ló gba iṣẹ́ náà là lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà kú, pé ó ṣeun. Ó ní kí ni mo wí. Mo ní ó ti gbọ́.